Ẹni Tí Ó Ń Kó Gìtá Jọ: Ìfẹ́ Ni Tàbí Ọrọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún ìjíròrò lónìí dá lórí irú ènìyàn kan tí ìwà rẹ̀ kì í sábà yé ará ilé rẹ̀. Yóò ra gìtá kan, yóò ra èkejì, yóò ra ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi di méjìlá lára ògiri. Olórin kọ́ ni. Iṣẹ́ mìíràn ni ó fi ń jẹun. Aya rẹ̀ a sì béèrè pé, “Olówó orí mi, ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún yín, kí ni ẹ fẹ́ fi gìtá méjìlá ṣe?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà. Bí a kò bá rí ìdáhùn gidi fún un, a jẹ́ pé ìwọra lásán ni kíkó gìtá jọ.

Ìdáhùn kìn-ín-ní wà nínú ohùn. Yorùbá kì í bi onílù léèrè ìdí tí ó fi ní ìyáàlù, tí ó tún ní kẹríkẹrì, gángan, kànnàngó àti gúdúgúdú. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ohun tí ìyáàlù lè sọ, gúdúgúdú kò lè sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gìtá rí. Èyí tí inú rẹ̀ ṣófo a máa dún kedere láìlo iná. Ní ti Stratocaster, tí Leo Fender gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954, pákó tí inú rẹ̀ kò ṣófo ni. Mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà tí a wé mọ́ ọn lábẹ́ okùn rẹ̀ ni ó ń gbé ohùn lọ sínú ẹ̀rọ. Les Paul tí ilé iṣẹ́ Gibson ń ṣe, igi mahogany ni ara rẹ̀, tí í ṣe ìbátan igi ọ̀gànwó. Ohùn tirẹ̀ wúwo, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó kú. Àwọn olùfẹ́ orin jùjú pàápàá mọ èyí. Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú gìtá oníná wọ inú jùjú. Nígbà tí ó fi di ayé Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, gìtá ti di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo: ọ̀kan ń dá, àwọn yòókù ń gbè.

Ìdáhùn kejì ni ìrántí. Ní ọdún 1949, B.B. King ń ta gìtá ní ilé ijó kan ní ìlú Twist, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Àwọn ọkùnrin méjì ń jà, wọ́n ti àgbá kẹrosíìnì tí a fi ń yáná ṣubú, ilé sì gbiná. King sá jáde, ó rántí gìtá rẹ̀, ó sì padà wọ inú iná lọ gbé e. Ìgbà tí ó gbọ́ pé nítorí obìnrin kan tí ń jẹ́ Lucille ni wọ́n ṣe jà, ó sọ gìtá náà ní Lucille, kí ó má baà hu irú ìwà òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Willie Nelson pẹ̀lú ra gìtá Martin kan ní 750 dọ́là ní ọdún 1969, ó sì sọ ọ́ ní Trigger. Ó ta á títí ojú rẹ̀ fi lu, síbẹ̀ kò jù ú nù. Títún ni ó ń tún un ṣe. Igi àti okùn ni ará òde ń rí. Ọjọ́ ayé ara rẹ̀ ni ẹni tí ó ni ín ń rí.

Ìfẹ́ kò sì gbọdọ̀ mọ sórí ahọ́n. Igi a máa fa omi inú afẹ́fẹ́, a sì máa tú u sílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá gbẹ jù, ojú gìtá a sán. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, igi a wú, àtè a sì jẹ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ṣe ń sapá kí ọ̀rinrin inú yàrá wọn wà láàrin 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn igi kan tilẹ̀ wà tí ọwọ́ kò lè tètè tẹ̀ mọ́. Igi rosewood ti ilẹ̀ Brazil, tí a fi ṣe ọ̀pọ̀ gìtá àtijọ́, ti wọ abẹ́ òfin àgbáyé láti ọdún 1992. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta irú gìtá bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìdánwò wà ni owó. Àwọn Les Paul aláwọ̀ oòrùn tí a ṣe láàrin ọdún 1958 sí 1960 kò tó 2,000. Ọjà wọn kò yá nígbà náà, ilé iṣẹ́ sì dáwọ́ wọn dúró. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí wá wọn kiri, tí ẹyọ kan fi di ohun tí à ń fi ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là rà. Bí iye bá ti ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù a máa ba olówó rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án. A tì í mọ́ inú àpótí irin. Òwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má pe òwò ní ìfẹ́.

Ẹ wo ìwà àwọn méjì tí ayé mọ̀. Ní ọdún 1970, Eric Clapton ra Stratocaster mẹ́fà ní ìlú Nashville. Ó fi mẹ́ta ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, ó sì to ẹ̀yà ara mẹ́ta yòókù pọ̀ di ẹyọ kan tí ó pè ní Blackie. Ó ta á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2004, ó fi í sílẹ̀ fún gbàǹjo ní 959,500 dọ́là, nítorí ilé ìtọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn líle ti dè, èyí tí ó dá sílẹ̀ ní Antigua. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, David Gilmour ta gìtá tí ó lé ní 120 ní New York. Owó náà lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún dọ́là, ó sì fi í fún ClientEarth, ẹgbẹ́ amòfin tí ń gbèjà àyíká. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ràn gìtá wọn. Ìfẹ́ wọn ti dàgbà dé ibi tí ọwọ́ ti lè tú sílẹ̀ ni.

Ohun mẹ́ta, nígbà náà, ni a ó fi díwọ̀n ìfẹ́ olùkójọ. Ṣé ó ń ta wọ́n? Ṣé ó mọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀? Ṣé ó lè gbé ọ̀kan lé ọmọdé lọ́wọ́ kí ó fi kọ́ṣẹ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, méjìlá kò pọ̀; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí gìtá àtijọ́ kan bá wà ní ìdílé yín, ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ta á, ẹgbẹ́ tí ó bá ṣeré, àti ọdún tí ó rà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Okùn tí ó já ṣeé pààrọ̀. Ìtàn tí ó bá bá àgbà wọ ilẹ̀ kò ṣeé rà lọ́jà.