Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣírò Ọdún Tí Ó Ń Lọ
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò obì sọ ní Ṣágámù)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Rẹ́mọ,

 Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà ni a fẹ́ kí a jọ wò lónìí, kì í ṣe láti sunkún lé ohun tí ó ti bọ́, bí kò ṣe kí a lè mọ ibi tí a ó gbé ẹsẹ̀ lé lọ́dún tí ń bọ̀.

Ta ni nínú wa ni ó lè sọ, láìfi ojú díwọ̀n, iye agbọ̀n obì tí òun kó jáde lọ́dún yìí, iye owó tí òun ná lé e lórí, àti iye tí ó bàjẹ́? Bí a bá ta obì ní Sábó tí owó kún ọwọ́ wa, a ó ní a jèrè. Ṣùgbọ́n owó tí ó wọlé kọ́ ni èrè. Èrè ni èyí tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó àwọn tí ó bá wa ro oko, tí ó bá wa ká obì, tí ó bá wa pa á, tí ó sì bá wa bó o, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti èyí tí kòkòrò jẹ.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ ìṣírò. Abàtà ni obì tí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbànja ni àwọn Hausa ń fẹ́, láti Gold Coast, tí ń jẹ́ Gánà nísinsìnyí, ni wọ́n sì ti ń kó o wá fún wọn. Nígbà tí àwọn bàbá wa rí èyí, wọn kò ní abàtà ni bàbá àwọn gbìn. Wọ́n gbin gbànja. Ojú irin, tí ó ti dé Kánò kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, gbé e lọ sí Òkè Ọya, obì tiwa sì gba ọjà mọ́ ti Gold Coast lọ́wọ́.

Ẹ tún wo ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó ti ṣe olùkọ́, akọ̀wé àti oníròyìn kí ó tó bọ́ sínú òwò irè oko àti ọkọ̀. Òwò náà fọ́, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò jókòó ti gbèsè. Ìwé ni ó jókòó tì. Ó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún náà, ó sì di lọ́yà ní 1946. A kò ní kí gbogbo wa di lọ́yà. Ohun tí a ń wí ni pé àdánù tí a bá yẹ̀ wò dáadáa a máa di ẹ̀kọ́ fún ẹni.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí náà jẹ̀bi. Lọ́dún kan, a kó obì sínú agbọ̀n, a fi ewé bò ó, a ń retí kí owó rẹ̀ gòkè. A kò ṣà á, a kò tú u wò. Nígbà tí a ṣí i, kòkòrò ti lu ìdajì rẹ̀ níhò. A bú kòkòrò títí. Nígbà tí a wá wo ẹ̀yìn, a rí i pé láti inú oko ni ó ti wọ̀ ọ́: obì tí ó jábọ́, tí a jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀, ni a kó mọ́ èyí tí ó dára. Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí èyí tí ó jábọ́ pẹ́ nílẹ̀, a kì í sì í dà wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n kòkòrò kọ́ ni ó ń jẹ wá jù. Àwọn kan nínú wa ti ta obì orí igi ní oṣù kẹfà, nítorí owó ilé ìwé ọmọ, fún ẹni tí yóò wá ká a ní oṣù kọkànlá. Ẹni tí ó rà á ti ṣírò. Àwa tí a ni ín ni a kò ṣírò. Bí èyí bá ń bá a lọ, oko yóò máa jẹ́ orúkọ wa, èrè rẹ̀ yóò wà lápò ẹlòmíràn, àwọn ọmọ wa yóò sì wí pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ìwé kì í ṣe àlejò òjijì. Ọdọọdún ni ó ń dé. Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú owó obì tí a ń tà nísinsìnyí, kí a fi í pa mọ́ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ra ìwé kékeré kan. Kí ó kọ ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, ohun tí ó bàjẹ́, àti ohun tí ó bà á jẹ́. Bàbá tí kò mọ̀wé, kí ó pe ọmọ rẹ̀. Láti 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, agbára káká ni a ó fi rí agboolé tí kò ní ẹni tí ó lè di kálàmù mú. Èyí tí kò bá yé wa, kí a rán ẹni lọ béèrè ní Ilé Ìwádìí Kòkó ní Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964. Iṣẹ́ obì wà lára iṣẹ́ tiwọn.

Nígbà tí a bá tún pàdé ní ìparí ọdún tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ọdún yóò yabo fún wa o.