Olórí Ni Í Jíhìn: Ìtàn Dókítà Jamot ní Ilẹ̀ Kamẹrúùnù



Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní etí odò Wouri, tí ó ń wo àwọn ọkọ̀ òkun bí wọ́n ti ń gúnlẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí oògùn àti oníṣègùn gbà wọ ilẹ̀ yìí ni ó ń wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe etí òkun ni àrùn oorun ti jà jù. Ìgbèríko ni, ní ìhà odò Nyong àti ní agbègbè Bafia, níbi tí ó ti ń sọ abúlé di ahoro nígbà tí Dókítà Eugène Jamot, ará Faransé, dé ní ọdún 1922.

Eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ibà ni yóò kọ́kọ́ máa ṣe aláìsàn, kókó yóò sì yọ sí i lọ́rùn. Bí ó bá dé ọpọlọ, oorun ọ̀sán yóò máa gbé e lọ. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ikú ni í gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1926, ìjọba Faransé dá ẹgbẹ́ oníṣègùn pàtàkì kan sílẹ̀ láti gbógun ti àrùn náà. Ìlú Ayos ni ibùjókòó rẹ̀, Jamot sì ni olórí. Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: bí aláìsàn kò bá lè rìn dé ilé ìwòsàn, kí ilé ìwòsàn rìn tọ̀ ọ́ lọ. Láti abúlé dé abúlé ni wọ́n ń lọ. Ẹnì kan yóò tọ́ ọrùn wò, ẹlòmíràn yóò fi abẹ́rẹ́ fa omi inú kókó, ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọn a kọ èsì rẹ̀ sí ara aláìsàn fúnra rẹ̀, wọn a sì fún un ní abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni ó gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí rù. Ẹ̀mí tí wọ́n gbà là kò kéré. Síbẹ̀, àṣẹ ìjọba amúnisìn ni ó ń kó ará abúlé jọ. A kò bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́.

Níbẹ̀ ni ewu wà. Tryparsamide, oògùn tí ń lé àrùn náà kúrò nínú ọpọlọ, lè ba ojú jẹ́ bí ó bá kọjá ìwọ̀n. Ní Bafia, ọ̀dọ́ dókítà kan tí ó wà lábẹ́ Jamot sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po, ó rò pé ìwòsàn yóò tètè dé. Nǹkan bí 700 ènìyàn ni ojú wọn fọ́.

Kì í ṣe ọwọ́ Jamot ni ó gún abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ní ọdún 1931, bí ó ti ń padà bọ̀ wá sí Kamẹrúùnù, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun ní Dakar, wọ́n sì mú un. Kò tún darí iṣẹ́ Ayos mọ́. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Ouagadougou, ó sì kú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1937.

Àwọn kan ní a rẹ́ ẹ jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ará Bafia yóò bi léèrè ojú rẹ̀, bí kì í bá ṣe olórí? Ẹni tí ó bá gba ọlá iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ó níláti gba ẹ̀bi wọn pẹ̀lú. Ẹni tí ó sì rán ọ̀dọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú oògùn líle, ó yẹ kí ó máa tẹ̀lé e lọ wò.

Orúkọ Jamot wà lára ilé ìwòsàn kan ní Yaoundé lónìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ń pe orúkọ náà rántí àwọn afọ́jú Bafia pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tí a bá sì fi ṣe olórí ìṣègùn ìgbèríko, kí ó tètè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, kí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì máa ṣọ́ ìwọ̀n oògùn bí ẹni ń ṣọ́ iná. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.