Tíṣà Ni À Ń Rín: Eré Apanilẹ́rìn-ín Inú Ilé-ìwé, Láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Dé Òkè Mápó

Nígbà tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní orí òkè Mápó yìí, ẹ̀rù bà mí díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ sinimá apanilẹ́rìn-ín lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn àgbà Ìbàdàn. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi mú un wá.

Ní 1954, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé sinimá kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Belles of St Trinian's. Frank Launder ló darí rẹ̀. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ni wọ́n ń ṣe kẹ́yìn. Nínú yàrá tó yẹ kí wọ́n ti máa kọ́ kẹ́mísìrì, ọtí líle ni wọ́n ń pọn. Wọ́n gbé ẹṣin eré ìje pamọ́ sínú ilé tí wọ́n ń sùn. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ rán alábẹ̀wò lọ síbẹ̀, alábẹ̀wò lọ, kò padà mọ́. Ilé-ìwé náà ti gbé e mì. Ọlọ́pàá obìnrin kan dọ́gbọ́n wọlé bí olùkọ́ eré ìdárayá, ojú rẹ̀ rí màbo. Ọ̀gá àgbà obìnrin tó ń darí gbogbo rẹ̀, ọkùnrin ló ṣe é: Alastair Sim ló wọ aṣọ obìnrin, òun kan náà ló sì tún ṣe arákùnrin ọ̀gá náà. Ẹni tó bá ti wo egúngún apidán rí, níbi tí ọkùnrin ti ń ṣe ìyàwó, kò ní béèrè ohun tó ń dùn nínú ìyẹn.

Àwòrán inú ìwé ni àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí kí wọ́n tó di sinimá. Ronald Searle ló yà wọ́n. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì tó gbé e lọ sí Éṣíà, níbi tí àwọn ará Japan ti mú un lẹ́rú, tí wọ́n sì fi í ṣiṣẹ́ ojú irin nínú igbó. Nígbà tó bọ́, ó padà sídìí àwòrán náà, àwọn ọmọ náà sì wá burú jù ti àkọ́kọ́ lọ. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ti rí ohun tí àgbà tó gba àṣẹ lè fi ọmọ ènìyàn ṣe, kì í ṣòro fún un láti gbé òkò lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú The Belles of St Trinian's, Sim kan náà àti Margaret Rutherford ṣe The Happiest Days of Your Life. Iléeṣẹ́ ìjọba ṣe àṣìṣe, wọ́n da ilé-ìwé ọmọbìnrin pọ̀ mọ́ ti ọmọkùnrin nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ọ̀gá méjì, àṣẹ méjì, ibùsùn ò kárí. Mo bẹ̀ yín, ta ló nílò kó lọ sí ìlú òyìnbó kó tó rí èyí? Ẹ sọ̀kalẹ̀ láti ibí yìí, kí ẹ rìn gba Ọjà'ba, kí ẹ gba Bẹẹrẹ, kí ẹ ka iye pátákó tó wà lẹ́nu géètì ọgbà ilé-ìwé kan: Ilé-ìwé Kìíní, Ilé-ìwé Kejì, nígbà mìíràn Ìkẹta. Agogo ẹ̀kọ́ ìṣirò ń lù lápá ibí, agogo oúnjẹ ń lù lápá ọ̀hún, ọmọ tó bá gbọ́n mọ bí a ṣe ń gbọ́ agogo tó bá wù ú. Iye ọmọ ló fa irú èyí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ìfẹ́ ọmọ ló fa èyí tiwa. Àṣìṣe akọ̀wé ló fa tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí wọ́n ń rín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó láṣẹ ni ẹ̀rín ń bá: ọ̀gá ilé-ìwé, alábẹ̀wò, ọlọ́pàá. Ọmọdé ló ń borí. Ọ̀dọ̀ tiwa, tíṣà ni à ń rín, ẹ̀rín náà sì ti pẹ́.

Nígbà tí David àti Anna Hinderer dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Kúdẹtì, ní nǹkan bí 1853, ìlú ológun ni Ìbàdàn. Àwọn baba bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ àwọn di ojo. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún wọn, Yéjídé àti Akínyẹlé. Ẹ fojú inú wo ohun tí àwọn ọmọ agboolé tó kù yóò máa sọ sí àwọn méjì yìí bí wọ́n ti ń darí bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń pe A, B, D. Ilé-ìwé wọ ìlú yìí bí àlejò, onílé ló sì ń wo àlejò tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ojú onílé yẹn ni Wọlé Ṣóyínká fi wo Lákúnlé, tíṣà inú The Lion and the Jewel, eré tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn níbí ní 1959. Kóòtù ìgbà àtijọ́ tó fún mọ́ tíṣà náà lára, táì tí kókó rẹ̀ kéré, bàtà kánfáàsì funfun: kí ó tó la ẹnu, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ tí ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló gba Sídì, ọmọbìnrin tí tíṣà náà ń fẹ́, mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1968, Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ẹni tó wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ tẹlifíṣàn múlẹ̀ ní Ìbàdàn, gbé The Village Headmaster dé orí tẹlifíṣàn, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1988. Ẹ̀yin tí ẹ wò ó, ẹ sọ fún mi: orúkọ ọmọ kíláàsì wo ni ẹ rántí? Ẹ rántí Ọlọ́jà, ẹ rántí Olóyè Ẹlẹ́yinmí, ẹ rántí Amebo débi pé orúkọ rẹ̀ ti di ohun tí a ń pe gbogbo olófòófó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ńkọ́? Nígbà tí Fúnkẹ́ Akíndélé wá fi akẹ́kọ̀ọ́ sáàárín gbùngbùn nínú Jenifa ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ náà, Súlíátù ará oko tó dé yunifásítì, ni gbogbo wa rín, nítorí èdè òyìnbó tó ń ṣì í lẹ́nu.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ eré Lákúnlé. Ohùn àwọn ọmọ tó ń ka ìṣirò ń jáde láti ojú fèrèsé, ọmọkùnrin méjì yọjú wo Sídì, tíṣà kàn wọ́n níkòó lórí, ọ̀rọ̀ wọn parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà títí di òní, ojú fèrèsé yẹn ni àwọn ọmọ wa wà nínú eré wa. N kò tíì rí ẹni tó wọ kíláàsì náà lọ bá wọn jókòó, kó fi ojú tiwọn wò wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe é nítorí pé ilé-ìwé ti di tiwọn, ó ti sú wọn. Àwa náà ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ ó lé. Ìgbà wo ni yóò di tiwa?

Ẹ má sọ pé kò sí ìtàn. Ọmọ Bẹẹrẹ ni mí. Mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nínú ọdún egúngún, nígbà tí ìròyìn dé kíláàsì wa pé egúngún Olóòlù ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Ọ̀gá wa, ìyá àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ ń dá eré dúró, ní kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má jáde, ọkùnrin tàbí obìnrin. Tíṣà wa ọkùnrin mú àtòrì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìlù ń sún mọ́. Irú àtòrì kan náà ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn egúngún ń fi na ara wọn lóde, a ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú kíláàsì. Tíṣà wò wá, a wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kó lè yọjú, kò sì wọlé mọ́. Kí a tó mí, kò sí ọmọkùnrin kan lórí ìjókòó.

Àbúrò mi obìnrin, tí a jọ wà ní kíláàsì náà, ló sọ èyí tó kù fún mi lálẹ́. Ó ní nígbà tí ẹsẹ̀ wa dákẹ́, ọ̀gá ti ilẹ̀kùn padà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ìwé ìpè orúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe gbogbo kíláàsì láti òkè dé ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Orúkọ àwọn ọmọkùnrin ló wà lókè. Ó pe ti àkọ́kọ́, ó dúró. Ó pe èkejì, ó dúró. Ó pe gbogbo wa tán kó tó dé orí ti àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n wá ń dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn rara.