Ọjọ́ Tí Èsì WAEC Jáde

Ẹ̀yin òbí o! Bí èsì WAEC bá jáde, ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ tẹ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀, kó kọ́kọ́ dá a wò. Bó bá gba D7 nínú ìṣirò, òun náà kúkú mọ̀ pé C6 ni yunifásítì ń wá. "Ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀ gba A1" ò wúlò níbí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bu oúnjẹ fún un ná. Tó bá dọ̀la, ẹ wá bi í: ṣé ká dúró de NECO ni, àbí ká forúkọ sílẹ̀ fún GCE? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba èsì ìjókòó méjì. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà ń bọ̀, ẹ rọra o.