Níbo ni Ṣóńṣó Ìtàn Gatsby Wà?

Ọ̀rọ̀ tí a dá sílẹ̀ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: nínú ìwé The Great Gatsby, tí F. Scott Fitzgerald, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1925, ibo gan-an ni ìtàn náà ti dé ṣóńṣó? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò dáhùn pé ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Gatsby ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ìtàn náà. Gatsby, ọmọ tálákà, fẹ́ràn Daisy, ọmọ olówó. Ogun gbé ọkùnrin náà lọ sí òkè òkun. Kí ó tó padà, Daisy ti fẹ́ Tom, ọlọ́rọ̀ paraku. Gatsby fi òwò ọtí tí òfin kà léèwọ̀ kó ọrọ̀ jọ, ó sì ra ilé ńlá sí etí omi, ní ọ̀kánkán ilé Daisy. Lálẹ́, a máa na ọwọ́ sí iná aláwọ̀ ewé tí ń tàn ní èbúté obìnrin náà.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa ní Èkó. Ẹni tí ó bá dúró ní Marina lálẹ́ yóò rí iná èbúté Àpápá lódìkejì omi. Ẹni tí ó bá sì ń ti Ajégúnlẹ̀ bọ̀, ní kété tí ó bá kọjá Boundary, Àpápá ni ó wọ̀: ibi tí àwọn ọlọ́rọ̀ kọ́lé sí àti ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ pàápàá, ajé ni ó ń pè. Ta ni a óò bá wí bí ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ bá rò pé ìrékọjá ààlà yẹn ni yóò sọ òun di ẹni tí a lè fẹ́?

Kí ni ṣóńṣó ìtàn? Kì í ṣe ibi tí ariwo ti pọ̀ jù. Ibi tí ìbéèrè tí ó gbé ìtàn rìn ti rí ìdáhùn ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní àtúnṣe. Ìbéèrè Gatsby ni pé: ǹjẹ́ owó lè ra ọdún márùn-ún tí ó ti kọjá padà? Ní orí keje, nínú hótẹ́ẹ̀lì Plaza ní New York, lọ́jọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín, ó ní kí Daisy sọ fún Tom pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Daisy gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti fẹ́ràn Tom náà rí. Tom sì tú àṣírí owó Gatsby. Láti ìgbà náà ni obìnrin náà ti ń fà sẹ́yìn.

A máa ń wí pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ní hótẹ́ẹ̀lì yẹn, agbè ni ó fọ́. Ọkọ̀ tí Daisy fi gbá Myrtle, àlè Tom, pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìbọn tí ọkọ Myrtle yìn. Ìsìnkú tí ènìyàn kò pé sí: omi tí ń ṣàn lọ ni gbogbo wọn.

Bí a bá fi ikú ṣe ṣóńṣó, ẹ̀kọ́ tí ọmọ wa yóò mú lọ ni pé kí ó ṣọ́ra fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ inú hótẹ́ẹ̀lì ṣe é, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí owó kò lè bá ni sọ. Èyí ni mo fẹ́ kí ọmọ Ajégúnlẹ̀ àti ọmọ Àpápá jọ gbé yẹ̀wò. Ó dìgbà kan ná.