Lórí Òkè Brouilly, Láàárín Ọgbà Àjàrà

Ní ilẹ̀ Faransé, ní apá àríwá ìlú Lyon, ni ẹkùn Beaujolais wà, ilẹ̀ olókè tí ọgbà àjàrà bò láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan dé èkejì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ojú rí i dáadáa, kẹ̀kẹ́ ológeere ni kí ó gùn. Àjàrà Gamay ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, èyí tí Philippe, olórí Burgundy, pàṣẹ ní 1395 pé kí wọ́n hú kúrò lórí ilẹ̀ òun. Àmọ́ ilẹ̀ olókùúta Beaujolais gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Òkè Brouilly tí ó wà ní ẹkùn yìí kò ga tó 500 mítà, síbẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ le gan-an láti gùn. Ibẹ̀ ni agunkẹ̀kẹ́ Julian Alaphilippe ti borí ní ìpele kan nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Paris–Nice ní 2017. Ẹni tí ó bá fi wàdùwàdù tẹ pẹ́dà láti ìsàlẹ̀, èémí rẹ̀ yóò tán lágbedeméjì; ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́.

Ilé àdúrà Màríà ni ó wà ní téńté òkè náà, èyí tí àwọn àgbẹ̀ kọ́ láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àrùn kan bo ewé àti èso àjàrà wọn bí eérú, tí ìrètí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Ìgbàgbọ́ wọn wú mi lórí púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ nígbà ìkórè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà fún katakata àwọn àgbẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ẹ sì kí wọn kú iṣẹ́.