Ká Tó Mú Pankẹ́rẹ́, Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ní Old Garage, Òṣogbo)

 

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ ní kí n sọ. Tíṣà ń ráhùn, òbí ń ráhùn. Ọmọ ń jà, ó ń purọ́, ó ń jí bírò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó ń sùn ní kíláàsì. Tá a bá bá a wí, ó ń fèsì. Kíá la máa ń sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ràn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo mú wá: púpọ̀ nínú ìwà tí ọmọ ń hù ní kíláàsì, àtilé àti àdúgbò ló ti gbé e wá.

Ẹ wo ibi tá a wà yìí. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, tó gbé omi inú ọ̀rá sórí, tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò. Ní 2016, àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ọmọ tó sùn ní aago 10 alẹ́, tá a jí ní aago 5 ìdájí kó wá gbálẹ̀ kó pọnmi, wákàtí 7 péré ló sùn. Bó bá ń kanra ní kíláàsì, ẹ má sọ pé èṣù ló ń lò ó. Oorun ló ń pa á. Èébú tó sì ń bú, kò kọ́ ọ nínú ìwé. Inú géréjì ló ti gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé kì í wu ìyá kankan kí ọmọ rẹ̀ máa kiri. Àìsí owó ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 lòdì sí fífi ọmọ kiri ọjà lójú títì, òfin UBE ti 2004 sì sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan. Òfin dáa, àmọ́ òfin kì í se ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ fi kan ẹgbẹ́ wa.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ wá fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, ká máa yá àwọn ìyá tó ń dá tọ́mọ, lórí àdéhùn pé ọmọ ò ní kiri mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú. Èkejì, ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó mú pankẹ́rẹ́, ẹ bi ọmọ pé: ṣé o jẹun? Aago mélòó lo sùn? Ta lò ń gbé lọ́dọ̀? Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tàbí lókè òkun, tẹ́ ẹ fọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, owó nìkan ò tó. Ẹ máa pe ọmọ yín, kẹ́ ẹ bi í ohun tójú rẹ̀ rí nílé ìwé.

Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Igba ojú náà ṣì wà ládùúgbò o, fóònù ni wọ́n ń wò. Ẹ jẹ́ ká gbójú sókè, ká wo ọmọ.